Ìbéèrè Yín: Èkúté Gba Ilé Bàbá Wa Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ọ̀wọ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Alámọ̀ ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, pákó ni wọ́n sì fi ṣe àjà rẹ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ni a kò ti sinmi lọ́wọ́ èkúté mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a máa sáré lórí àjà títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n ti jẹ ìdí àpò gàárì, mo sì bá ìgbẹ́ wọn lórí ẹní tí ọmọ ọmọ mi ń sùn sí. Àwọn aládùúgbò ní kí n po òtápíápíá mọ́ ìrẹsì. Àbúrò mi ní kí n jó ata gbígbẹ kí èéfín rẹ̀ lè lé wọn nínú àjà. Ìyá mi ní ológbò ni kí n rà. Ọ̀rọ̀ ibà Lassa tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni kò jẹ́ kí n lè sùn. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo rẹ̀?
Ìyá oníṣòwò kan, Ọ̀wọ̀

Ìyá wa, a dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó po ohunkóhun mọ́ oúnjẹ. Nínú ìmọ̀ràn mẹ́ta tí wọ́n gbà yín, ti Màmá nìkan ni ó sún mọ́ ọ̀nà, òun náà kò sì tó fún irú ilé tí ẹ ṣàpèjúwe yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ ni pé èkúté kì í tán nínú ilé nítorí pé a pa á, àfi bí kò bá rí ibi gbà wọlé mọ́, tí kò sì rí nǹkan jẹ. Oyún èkúté ilé kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ; ó lè bí ọmọ márùn-ún sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ọmọ náà á sì ti tó bímọ kí oṣù méjì tó pé. Ẹni tí ó ń pa wọ́n lálẹ́ tí kò dí ihò wọn lọ́sàn-án ti gba iṣẹ́ tí kò lópin. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ẹnu ògiri yẹn gan-an ni kí a bá yín wá.

Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ibà Lassa, nítorí pé ìbẹ̀rù yín ní ìdí. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀ ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n lóde òní, ìpínlẹ̀ Oǹdó tiyín, pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi, wà lára ibi tí ó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, láti ìparí ọdún títí di nǹkan bí oṣù kẹrin, ni ó sì máa ń le jù. Eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ni ó ń gbé kòkòrò àìfojúrí rẹ̀ kiri. Eku náà kò tóbi tó òkété rárá, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, abo rẹ̀ sì ní ọmú púpọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ. Àìsàn náà kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè máa tọ kòkòrò rẹ̀ dà sínú ilé fún ọjọ́ pípẹ́. Oúnjẹ tí ó bá tọ̀ sí, àwo tí ó bá yàgbẹ́ sí, àti eruku tí ìgbálẹ̀ bá gbé sókè níbi tí ìgbẹ́ rẹ̀ gbẹ sí, inú wọn ni ènìyàn ti ń kó o. Ẹni tí ó bá ń pa eku ilé, tí ó ń fi ọwọ́ lásán bó o láti sè é jẹ, òun náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Nítorí pé kò rọrùn láti fi ojú lásán mọ eku yìí yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ẹ ka gbogbo èkúté tí ẹ bá rí nínú ilé sí èyí tí ó lè ní i lára, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan òkú rẹ̀.

Nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí ó kó àìsàn yìí kì í rí ju ara gbígbóná díẹ̀ àti orí fífọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń burú gan-an fún àwọn yòókù, tí ẹ̀jẹ̀ á máa yọ lára àwọn kan, tí àwọn mìíràn tí ó sì yè é á di adití. Ó lè tó ọjọ́ 6 sí 21 lẹ́yìn tí ènìyàn kó o kí ó tó fara hàn. Nítorí náà, bí ara ẹnikẹ́ni bá ń gbóná nínú ilé yín, pàápàá ọmọ tí ẹ bá ìgbẹ́ èkúté lórí ẹní rẹ̀ yẹn, ẹ má ṣe máa ra oògùn ibà ẹ̀fọn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún dókítà pé èkúté pọ̀ nílé. Ribavirin ni oògùn tí wọ́n ń lò fún un, ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ni ó sì ti ń wúlò jù. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní ìlú yín mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ibà Lassa dáadáa, ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ní irú rẹ̀ nítòsí.

Ó wá kan ihò. Ní ọ̀sán gangan, ẹ wọ inú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, kí ẹ sì dúró títí òkùnkùn náà yóò fi mọ́ ojú yín lára. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ wọlé ni kí ẹ fi ẹfun tàbí èédú sàmì sí. Ẹ mú bírò kan lọ́wọ́: ihò tí ìdí bírò bá lè wọ̀, èkúté kékeré lè wọ̀ ọ́, nítorí pé bí orí rẹ̀ bá ti kọjá, ara yòókù á tẹ̀lé e, àlàfo tí kò ju mílímítà 6 sí 7 lọ sì ti tó o. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ fọ́n eérú ààrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí etí ògiri, ẹ̀yìn ìkòkò àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní òwúrọ̀, ẹ óò rí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín tí ìrù wọ́ sáàárín, ẹ óò sì mọ ihò tí wọ́n ti jáde àti ibi tí wọ́n ń lọ. Etí ògiri ni èkúté fẹ́ràn láti máa gbà, nítorí kì í fẹ́ rìn ní gbangba. Ibi tí ara rẹ̀ ti ń ra ògiri lójoojúmọ́ máa ń ní àbàwọ́n dúdú ọlọ́ràá, ẹni tí ó bá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó yóò rí i.

Ẹ má ṣe fi amọ̀ nìkan dí ihò náà, ẹ má sì ki àkísà, fóòmù tàbí ọ̀rá bọ̀ ọ́. Eyín iwájú èkúté kì í dẹ́kun dídàgbà títí ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gé nǹkan jẹ kódà nígbà tí ebi kò pa á, gbogbo ohun tí a dárúkọ yìí kò sì tó o gé ní òru ọjọ́ kan. Kànìnkànìn onírin tí ẹ fi ń fọ ìkòkò ni kí ẹ kì sínú ihò náà títí yóò fi le, kí bíríkìlà wá fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn rẹ́ ẹ lójú. Àwọn bíríkìlà mìíràn máa ń po ìgò fífọ́ mọ́ sìmẹ́ńtì náà, ìyẹn náà dára, bí ọwọ́ ọmọdé kò bá ti ní kàn án. Nítorí pé ilé alámọ̀ ni tiyín, ẹ sọ fún bíríkìlà pé kí ó kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ara amọ̀ kí ó tó rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì kì í di amọ̀ mú pẹ́ títí, bí ó bá ti ṣí kúrò lára ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni èkúté yóò sọ di ọ̀nà.

Ibi tí páànù ti jókòó lé ògiri ni ẹ ó ti náwó jù, nítorí pé àwọn àlàfo kéékèèké abẹ́ páànù yí ilé ká láti iwájú dé ẹ̀hìnkùlé, àwọn ni wọ́n sì ń gbà dé orí àjà yín. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan nẹ́ẹ̀tì onírin, èyí tí ojú ihò rẹ̀ kò tó mílímítà 6, mọ́ gbogbo rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dá wọn dúró. Àwọn ihò atẹ́gùn tí bàbá yín dá sí òkè fèrèsé ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí wọn, nítorí pé ògiri alámọ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ máa ń rin, á sì máa ya. Nẹ́ẹ̀tì onírin yẹn kan náà ni kí ẹ fi bò wọ́n. Abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀hìnkùlé nílò páànù pẹlẹbẹ tí a kàn mọ́ ìdí pákó rẹ̀ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀ka igi tí ó bá dà lé òrùlé, ẹ gé e. Igi ìdáná tí ẹ tò ti ògiri, ẹ kó o jìnnà sí ilé, nítorí inú irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń bímọ sí.

Ẹ kò ní lè ṣe gbogbo èyí lọ́jọ́ kan, a mọ̀. Bí owó kò bá tó, yàrá tí ọmọ ń sùn sí àti ibi tí oúnjẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ dí.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ náà kúrú. Èkúté kékeré kò nílò ju nǹkan bí gíráàmù 3 lọ lóòjọ́, nítorí náà, gàárì tí ó dà sẹ́yìn ìkòkò, egungun ẹja nínú àwo tí a kò fọ̀ kí a tó sùn, àti àgbàdo adìyẹ tí ó ṣẹ́kù nílẹ̀, lè bọ́ odidi agboolé wọn. Gàárì, èlùbọ́, ẹ̀wà àti ìrẹsì gbọ́dọ̀ kúrò nínú àpò, kí wọ́n wọ inú dúrọ́ọ̀mù tàbí ike líle tí ìdérí rẹ̀ pa dé, kí ẹ sì gbé e kúrò lára ògiri. Ẹ bo ìkòkò omi. Ẹ kò gbọdọ̀ sá gàárì tàbí èlùbọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, níbi tí eku lè kọjá lórí rẹ̀. Gàárì tí wọ́n ti jẹ ìdí àpò rẹ̀ yẹn, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má sì ní ẹ ó tún un yan. Ẹ dà á nù. Ó dùn wá láti sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣòwò, ṣùgbọ́n a kò lè fọwọ́ sí i pé kí ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ tà á fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí bíríkìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìta ni kí ẹ ti dẹ pàkúté sínú ilé, nítorí pé àwọn tí ó bá há sínú yóò máa wá oúnjẹ kiri, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sì rọrùn láti mú. Ẹ má ra pàkúté kan ṣoṣo. Ẹ ra tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì dẹ gbogbo wọn ní alẹ́ kan náà, nítorí èkúté kékeré kì í rìn jìnnà sí ibùgbé rẹ̀: ìwọ̀n mítà díẹ̀ ni ó fi ń jẹ̀, pàkúté tí ó wà ní pálọ̀ kò sì kan èyí tí ń gbé nínú yàrá. Ẹ gbé e lé ojú ọ̀nà tí eérú fi hàn yín, kí ibi tí oúnjẹ wà lára rẹ̀ kọjú sí ògiri. Oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ bu ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, tàbí kí ẹ fi òwú so ẹja gbígbẹ mọ́ ọn pinpin kí ó má baà yọ ọ́ lọ láìjẹ́ pé pàkúté ta. Àwọn eku ńlá máa ń bẹ̀rù ohun tuntun. Fún irú wọn, ẹ gbé pàkúté sílẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ fún alẹ́ méjì mẹ́ta láìdẹ ẹ́, kí wọ́n jẹ, kí ọkàn wọn balẹ̀, kí ẹ tó wá dẹ ẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo òwúrọ̀ kí àwọn ọmọ tó jí.

Òtápíápíá ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an, nítorí pé ó ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Dichlorvos ni ó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ yìí. Oògùn kòkòrò ni, wọn kò ṣe é fún eku, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ tí ó jẹ́ mílílítà 100 ní ọjà àti ní ilé ìtajà ní ọdún 2019. Ìrẹsì tí a pò mọ́ ọn kò yàtọ̀ lójú ọmọ ọdún méjì sí èyí tí ìyá rẹ̀ fún un jẹ lánàá. Àwọn oògùn eku alápòpọ̀ tàbí oníhóró tí wọ́n tún ń tà, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ lára eku, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje kí ó tó pa á. Láàárín ìgbà náà, èkúté á ti padà sínú àjà tàbí sínú ògiri lọ kú, òórùn rẹ̀ á gba ilé kan, adìyẹ, ajá tàbí ológbò tí ó bá jẹ òkú rẹ̀ sì lè tẹ̀lé e. Nínú ilé tí ọmọdé wà, a kò gbà yín níyànjú láti lò ó rárá. Bí ọmọ bá ṣèèṣì jẹ oògùn eku, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kí ó lè bì. Ẹ mú pálí tàbí ìgò oògùn náà dání, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá dá ṣáká, nítorí pé irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kì í fara hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ata jíjó, ẹ fi í sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ yóò kó sí Màmá àti ọmọ lọ́fun, àjà onípákó tí ó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè gbiná, àwọn èkúté á sì padà wá bí èéfín bá ti lọ. Ológbò wúlò ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté, òórùn ara rẹ̀ nìkan sì máa ń mú kí àwọn kan sá. Àmọ́ kò lè wọ inú ògiri, kò sì lè dí ihò. Bí Màmá bá fẹ́ ẹ, ẹ rà á, ẹ má kàn jẹ́ kí ó máa sùn lórí ẹní ọmọ, nítorí yóò máa gbé èyí tí ó bá pa wọlé.

Bí a ṣe ń tún ibẹ̀ ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ kan ìgbẹ́ èkúté gbígbẹ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí ẹ wá po Hypo tàbí Jik, ife kan mọ́ omi ife mẹ́sàn-án. Ẹ rọra da á sórí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ náà títí yóò fi rin gbingbin, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fi àkísà nù ún sínú ọ̀rá. Bákan náà ni ti òkú èkúté: ẹ da omi yẹn lé e, ẹ fi ọ̀rá bọwọ́ gbé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Ẹní ọmọ yẹn, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi Hypo, kí ẹ sì sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ. Bí ẹ bá ní agbára àtirà á, ẹ jù ú nù, kí ẹ ra òmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, èkúté kú sínú àjà yàrá tí mo háyà ní Ìbàdàn, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ilé náà ti pẹ́, asbestos ni àjà rẹ̀. Onílé ní kí n máa jó tùràrí. Mo fẹ́ fi ayùn gé àjà náà láti gbé e jáde. Ẹ tún jọ̀wọ́, iná yàrá mi ń ṣẹ́jú, mo sì fura pé wọ́n ti jẹ wáyà.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn

Arákùnrin wa, ẹ fi ayùn yẹn sílẹ̀. Asbestos tí a gé tàbí tí a fọ́ máa ń tú eruku tí ojú kò rí, eruku náà máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí burú ju òórùn òkú èkúté lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí odidi ojú àjà kan bá wà tí wọ́n kàn fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dè mọ́lẹ̀, kí káfíńtà fọ́n omi sí i, kí ó yọ ìṣó pákó náà, kí ó sì rọra gbé e sọ̀kalẹ̀ láìfọ́ ọ. Ibi tí eṣinṣin bá ń kó ara jọ sí lábẹ́ àjà ni òkú náà máa ń wà. Bí kò bá ṣeé gbé, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bu èédú sínú abọ́ bíi mélòó kan káàkiri yàrá kí ó máa fa òórùn náà, yóò sì tán fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni ó yẹ kí ẹ mú ní kánkán. Ibi tí eyín èkúté bá ti bó ara wáyà sí lè tan iná nínú àjà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ pa iná yàrá náà láti ibi ìdí mítà, kí ẹ má sì tàn án mọ́ títí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí gbogbo ẹ̀yin ayálégbé jọ lọ bá onílé, kí ẹ má dá lọ, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ iná fún un kí ẹ tó sọ ti òórùn. Ọ̀pọ̀ onílé tí kì í náwó lórí èkúté máa ń náwó bí ó bá gbọ́ pé ilé lè jóná.

Ilé kánsù ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé ní Peckham, wọ́n ní láyé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ti kọ́ ọ. Èkúté kékeré ti wọ kíṣíìnì wa. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ fi gọ́ọ̀mù eku ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n lò ó?
Ìyá ọlọ́mọ kan, London

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún Màmá pé kí wọ́n má fi í ránṣẹ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2024 ni òfin ilẹ̀ England ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò ní ìwé àṣẹ láti fi gọ́ọ̀mù mú eku. Pàkúté onísípíríńgì ni kí ẹ lò, bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá wa tí ó wà ní Ọ̀wọ̀. Kí ọkàn yín balẹ̀ ní ti ibà Lassa, nítorí pé kò sí lára èkúté London. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ba oúnjẹ jẹ́ kí inú máa run ọmọ, nítorí náà ẹ má fi ṣeré. Oògùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kì í sì í ran ọ̀pọ̀ èkúté ìlú yẹn mọ́, wọ́n ti mọ́ ọn lára láti ìran dé ìran.

Nínú irú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kíṣíìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ìdí rẹ̀, ẹ óò rí i pé ihò tí páìpù omi àti ti gáàsì gbà wọlé fẹ̀ ju páìpù náà lọ. Kànìnkànìn onírin ni kí ẹ kì sí i yí ká. Bíríkì oníhò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ògiri ìta, ẹ má dí i, nítorí òun ni ó ń jẹ́ kí abẹ́ ilẹ̀ onípákó gbẹ; nẹ́ẹ̀tì onírin ni wọ́n fi ń bò ó. Nítorí pé àwọn ilé náà so mọ́ ara wọn, èkúté lè máa gba abẹ́ ilẹ̀ láti ojúlé kan dé èkejì, bí àwọn aládùúgbò yín kò bá sì ṣe tiwọn, tiyín kò ní tó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí kánsù dá sí i: òfin ọdún 1949 kan lórí àwọn kòkòrò àti ẹranko tí ń ba nǹkan jẹ́ ti fi lé àwọn kánsù lọ́wọ́ pé kí wọ́n sa gbogbo ipá wọn kí eku má gba àdúgbò wọn, àwọn kan náà sì tún ni onílé yín. Ẹ kọ ìwé sí wọn, ẹ má fi mọ sórí fóònù nìkan. Ẹ ya fọ́tò ihò àti ìgbẹ́ tí ẹ rí, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sí i, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọdé wà nílé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan fún ara yín.